Bọ̀mùbọ̀mù: Igi Aṣálẹ̀ Tó Ń Di Wàrà, Ṣùgbọ́n Tí Oje Rẹ̀ Lè Ba Ojú Jẹ́

Ẹni tó bá rìn létí ojú irin ní ìlú Kánò, tàbí tó gba orí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí nítòsí Sabon Gari kọjá, yóò ṣe alábàápàdé igi kékeré kan tí ewé rẹ̀ gbòòrò, tí ó sì dàbí ẹni pé wọ́n ku eérú lé e lórí. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí koríko ti gbẹ tán, tí ilẹ̀ sì ti di yanrìn, igi yìí á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Òdòdó rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò.

Tumfafiya ni àwọn Hausa ń pè é. Bọ̀mùbọ̀mù ni orúkọ tí àwọn Yorùbá mọ̀ ọ́n sí. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè é ní Calotropis procera. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti jàǹfààní igi náà láìmọ̀ ọ́n rárá, nítorí pé oje rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin Fúlàní fi ń di mílíìkì màlúù tó ń di wàrà tí a ń jẹ.

Ṣùgbọ́n bí oje funfun kan náà bá ta sí ènìyàn lójú, ó lè sọ ìríran di bàìbàì láàrin wákàtí díẹ̀. Ohun tó mú kí ewu náà pọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í fi ìrora bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ojú kò dùn kì í tètè lọ sí ilé ìwòsàn, àkókò tó yẹ kó fi gba ìtọ́jú á sì ti kọjá lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo ilé tó wà nítòsí igi yìí mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Igi tí ooru kò lè borí

Inú aṣálẹ̀ àti ilẹ̀ gbígbẹ ni ilé bọ̀mùbọ̀mù gan-an. Ó ń hù láti etí aṣálẹ̀ Sàhárà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó gba Sudan àti Íjíbítì kọjá lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, títí dé Pakistan àti Íńdíà. Àwọn ènìyàn ti gbé e kọjá òkun pẹ̀lú, ó sì ti di igi tó ń da àwọn àgbẹ̀ láàmú ní apá ibì kan ní Brazil àti Australia.

Kánò fúnra rẹ̀ kì í ṣe aṣálẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, tí òjò rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́rin sí márùn-ún lọ lọ́dún, tí ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ sì máa ń gba ìyókù. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́ bọ̀mùbọ̀mù lọ́rùn. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ ṣinṣin láti wá omi nísàlẹ̀ yanrìn. Ìda tín-ín-rín tó bo ewé rẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn fa omi ara rẹ̀ gbẹ, òun ló sì mú kí ewé náà ní àwọ̀ eérú.

Èso rẹ̀ tóbi tó máńgòrò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rí i pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá gbó, á là, àwọn kóró tó ní òwú funfun bíi sílíìkì lára á sì máa fò káàkiri nínú atẹ́gùn. Báyìí ni igi kan ṣoṣo ṣe lè gba odidi pápá láìpẹ́.

Ìdí mìíràn tó fi ń pọ̀ ni pé màlúù àti ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ewé tútù rẹ̀. Níbi tí ẹran bá ti jẹ gbogbo koríko tán, bọ̀mùbọ̀mù nìkan ni ó sábà máa ń ṣẹ́ kù. Ohun tí ẹran sá fún yẹ kó jẹ́ àmì fún ènìyàn.

Sabon Gari, Sábó àti ìgbá wàrà

Ìtumọ̀ Sabon Gari ní èdè Hausa ni ìlú titun. Ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ló ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní fún àwọn àlejò tí ojú irin àti òwò gbé wá láti ìhà gúúsù. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn òpópónà àdúgbò náà sì ń jẹ́ Abẹ́òkúta títí di òní. Orúkọ kan náà ni àwọn Yorùbá gé kúrú sí Sábó nígbà tí àwọn Hausa tẹ̀dó sí àwọn ìlú bí Ìbàdàn.

Oúnjẹ wà lára ohun tó so àwọn àdúgbò méjèèjì pọ̀. Ní Sábó àti ní Sabon Gari, wàrà jẹ́ ohun tí ará ìhà àríwá àti ará ìhà gúúsù jọ ń jẹ. Àwọn kan ń dín in, àwọn kan ń sè é sínú ọbẹ̀ ata, àwọn mìíràn sì ń jẹ ẹ́ bí ó ṣe wà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wagasi ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń fi ara ọkà bàbà pa á láró pupa.

Bí oje náà ṣe ń di mílíìkì

Iṣẹ́ àwọn obìnrin Fúlàní ni wàrà ṣíṣe, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n á já ewé bọ̀mùbọ̀mù díẹ̀ tàbí kí wọ́n gé igi rẹ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó mọ́ mílíìkì tàbí omi, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Omi tí wọ́n sẹ́ yìí ni wọ́n ń dà sínú mílíìkì tó ti ń gbóná lórí iná. Bí iná bá ti ń mú un, mílíìkì á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi ṣíṣàn á sì ya sọ́tọ̀. Wọ́n á jẹ́ kó hó, kí wọ́n tó bu wàrà tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ lè ro dànù.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn èròjà inú oje náà tó lè gé purotéènì inú mílíìkì, tí mílíìkì fi ń dì. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, èròjà tí wọ́n ń rí nínú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń lò fún irú iṣẹ́ yìí láti ayébáyé. Àwọn Fúlàní rí tiwọn lára igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn mìíràn tún máa ń lo omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi wàrà tó ti kan.

Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Díẹ̀ ni oje tí wọ́n ń dà sínú ìkòkò mílíìkì ńlá, wọ́n ń sẹ́ ẹ, omi ṣíṣàn sì ń ro dànù lára wàrà. Láti ìran dé ìran ni àwọn ènìyàn ti ń jẹ wàrà tí wọ́n ṣe lọ́nà yìí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ pé oje tí kò ṣe ẹni tó jẹ wàrà ní nǹkan kò lè ṣe ẹni tó mu ún, tàbí ẹni tó fi kan ojú, ní nǹkan.

Ohun tó wà nínú oje náà

Bí a bá já ewé bọ̀mùbọ̀mù, oje funfun á ṣàn jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yàtọ̀ sí èròjà tó ń di mílíìkì, oje náà tún ní àwọn èròjà olóró tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkàn. Ọ̀kan lára wọn ni calotropin, tó gba orúkọ rẹ̀ lára igi náà.

Inú ẹbí oògùn kan náà ni àwọn èròjà yìí àti digoxin wà. Digoxin ni oògùn tí àwọn dókítà ń fún àwọn kan tó ní àìsàn ọkàn. Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, William Withering, ló kọ̀wé ní ọdún 1785 nípa bí ewéko kan tó ní irú èròjà bẹ́ẹ̀ ṣe lè ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ìwọ̀n tó ń woni àti ìwọ̀n tó ń pani kò jìnnà síra wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn digoxin dáadáa, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ẹni tó ń lò ó.

Kò sí ẹni tó lè wọn oje tó ń ro láti ara igi lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yàtọ̀ láti igi kan sí òmíràn. Àwọn ọdẹ ní àwọn ibì kan nílẹ̀ Áfíríkà mọ̀ pé oró ni, wọ́n sì ń fi í sí ẹnu ọfà. Kòkòrò labalábá kan wà tó ń jẹ ewé rẹ̀ láìkú, ṣùgbọ́n ṣe ni ó ń kó oró náà pamọ́ sára kí àwọn ẹyẹ má baà jẹ òun.

Bí ó ṣe ń pa ojú lára

Ní iwájú ẹyinjú ni awọ kan wà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì fèrèsé. Inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé tí a fi ń ríran. Kí awọ náà tó lè mọ́ gaara, kò gbọdọ̀ mu omi yó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó tẹ́ pẹrẹsẹ sẹ́yìn rẹ̀ ló ń fa omi jáde nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, bí ẹni tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí fi ń fa omi jọ ohun tí iṣan ọkàn fi ń pààrọ̀ iyọ̀ inú rẹ̀ kí ó tó lè lù déédéé. Ibẹ̀ gan-an ni oró bọ̀mùbọ̀mù ń dí. Nígbà tí oje bá wọ ojú, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n á dẹ́kun iṣẹ́. Omi á kún inú awọ náà, á wú, gíláàsì tó mọ́ gaara á sì di èyí tí ìkùukùu bò.

Àwọn dókítà ojú ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń lo òdòdó igi yìí fún ìsìn, gbé ìròyìn jáde ní ọdún 2009 nípa ènìyàn 29 tí oje náà ta sí lójú. Ohun tí àwọn aláìsàn náà wí jọra: ìríran wọn ṣàdédé di bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ ń ni wọ́n lára, ṣùgbọ́n ojú kò dùn wọ́n. Ìfúnpá inú ojú àwọn kan lára wọn ga. Púpọ̀ nínú wọn padà ríran dáadáa lẹ́yìn ìtọ́jú, ìyẹn sì jẹ́ ìròyìn ayọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bá kú sẹ́yìn awọ ojú kì í hù padà. Ẹni tó ríran padà lè ti pàdánù púpọ̀ nínú wọn láìmọ̀. Bí ó bá tún fara pa lójú, tàbí tó nílò iṣẹ́ abẹ ojú nígbà ogbó, ohun tó kù fún un lè máà tó.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe bí oje bá ta sójú

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn ìgbésẹ̀ tó yẹ nìyí:

1. Ẹ fi omi mímọ́ fọ ojú náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú sílẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí omi máa ṣàn lórí ẹyinjú fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó kéré tán. Bí omi ẹ̀rọ kò bá sí, ẹ lo omi mímu inú kẹ́ẹ̀gì tàbí ti inú ọ̀rá.

2. Ẹ má ṣe ra ojú. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fi kan ojú, nítorí pé oje tó kù lọ́wọ́ lè pa ojú kejì lára.

3. Ẹ má ṣe fi omi ọmú, ìtọ̀, epo, omi ṣúgà tàbí àgbo kankan sí i. Irú àwọn nǹkan báyìí ti ba ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí.

4. Ẹ má ṣe ra oògùn ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri tàbí ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ ojú wò. Àwọn oògùn kan tó ń dín wúwú kù wúlò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n lò, ṣùgbọ́n wọ́n lè ba ojú tí kòkòrò àrùn ti wọ̀ jẹ́ pátápátá.

5. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí kò bá dunni. Ẹ sọ orúkọ igi náà fún dókítà. Tumfafiya ni kí ẹ pè é ní Kánò.

Àwọn tó wà ní Sabon Gari lè lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Aminu Kano tàbí Ilé Ìwòsàn Murtala Muhammad. Ibùdó Ìtọ́jú Ojú ti Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Kàdúná. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ní àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni ó gbà wọlé, ẹ má ṣe fi ipá mú ẹni náà bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Èébì, itọ́ tó ń dà, ìgbẹ́ gbuuru, àárẹ̀ àti ọkàn tí kò lù déédéé mọ́ jẹ́ àmì pé oró náà ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ìlò ìbílẹ̀ àti ibi tí ewu wà

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo bọ̀mùbọ̀mù. Wọ́n ń fi oje rẹ̀ pa làpálàpá, wọ́n ń fi sí eyín tó ń dunni, wọ́n ń fi sí ojú oró àkeekèé àti ti ejò, wọ́n sì ń se ewé tàbí èèpo rẹ̀ fún ibà.

Oje náà lè bó awọ ara, pàápàá ti ọmọdé. Ẹni tó fi pa làpálàpá tó wà nítòsí ojú ń fi ìríran rẹ̀ tayò. Oje tí a fi sí eyín lè jó ẹran ìdí eyín, kò sì lè dí ihò tó wà nínú eyín náà.

Ti oró ejò ló burú jù. Oje igi kankan kò lè gba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ aporó ejò ṣe. Wákàtí tí wọ́n bá fi ń pa oje lè jẹ́ wákàtí tó yẹ kí wọ́n fi gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí òkìkí ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ẹni tí ejò bù jẹ ní Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe, fi kàn káàkiri ìhà àríwá.

Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá, nítorí pé ó lè ba oyún jẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn, pàápàá digoxin, kò gbọ́dọ̀ mu àgbo tó ní bọ̀mùbọ̀mù nínú, nítorí pé ṣe ni yóò dàbí ẹni tó lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí oore nínú igi náà fún ìṣègùn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń yẹ èròjà inú rẹ̀ wò. Ní orílẹ̀-èdè Belgium, wọ́n mú ọ̀kan lára èròjà inú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gbógun ti àrùn jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ìgò ìwádìí kò tíì di oògùn. Ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú ilé ìwòsàn sílẹ̀ nítorí àgbo bọ̀mùbọ̀mù.

Bí a ṣe lè gbé pẹ̀lú rẹ̀ láìfarapa

Kò pọn dandan kí a gé gbogbo bọ̀mùbọ̀mù dànù. Òun ni ewéko tó kù lórí ilẹ̀ tí nǹkan mìíràn kò lè hù sí, àwọn tó ń ṣe wàrà sì ń rí oúnjẹ òòjọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ọmọdé wà. Èso rẹ̀ tó dàbí bọ́ọ̀lù máa ń wu àwọn ọmọ láti fi ṣeré, òwú inú rẹ̀ a sì máa wù wọ́n láti fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gé e, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì tó bo ojú. Kí ó má ṣe gé ẹ̀ka tó ga ju orí rẹ̀ lọ láti ìsàlẹ̀, nítorí pé oje á ro sí i lójú. Bí ó bá parí, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, àdá àti aṣọ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe wàrà pẹ̀lú yẹ kí wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún ewé náà, kí wọ́n tó nu òógùn ojú tàbí kí wọ́n tó gbé ọmọ sí ọmú.

Kí àwọn tó ń ra wàrà sì rí i pé ó mọ́, pé wọ́n bò ó, kí wọ́n sì tún un sè tàbí kí wọ́n dín in kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Kòkòrò àrùn tó ń ti ara ọwọ́ tàbí omi ìdọ̀tí wọ inú wàrà ni ohun tó yẹ kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún.

Àwọn òbí ní Sabon Gari, àti níbikíbi tí igi yìí bá ti ń hù, lè fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kọ́ àwọn ọmọ wọn: igi tó bá ń ṣẹ oje funfun, ẹ má fi ọwọ́ tó kàn án kan ojú. Bí oje bá sì ta sójú, omi ni àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ló tẹ̀ lé e, kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀.